Bí Mo Ṣe Tú Bóòtù Sílẹ́ńsà Tó Ti Dógùn-ún Lábẹ́ Corolla Mi

New York ni Corolla 2005 tí mò ń wà l'Ékòó ti wá. Ẹni tó bá mọ ọkọ̀ rà ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Lápá ibẹ̀ yẹn, iyọ̀ ni wọ́n máa ń dà sójú títì nígbà òtútù kí omi dídì má baà mú táyà yọ̀. Iyọ̀ náà ló ń ta sábẹ́ ọkọ̀ tó ń jẹ irin lọ́dọọdún. Ara ọkọ̀ á máa dán, abẹ́ rẹ̀ á ti pọ́n bí osùn. Tòkunbọ̀ tó bá ti Texas tàbí Arizona wá kì í sábà rí bẹ́ẹ̀.

Gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà níbi tí páìpù sílẹ́ńsà ti pàdé ló jó. Bóòtù onísípíríǹgì méjì péré ló so ibẹ̀ pọ̀, orí 14 (mm) ni wọ́n, inú nọ́ọ̀tì tí wọ́n jó mọ́ ara páìpù ni wọ́n sì wọ̀. Lára ọkọ̀ tí kò dógùn-ún, iṣẹ́ kékeré ni.

Mo gbé ọkọ̀ lé sítáńdì onírin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi búlọ́ọ̀kù símẹ́ńtì ṣe é, ó lè fọ́ lójijì, ẹ̀yin lẹ sì wà lábẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo ti fi búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà ha ojú bóòtù, mo sì fọ́n WD-40 sí i léraléra. Ẹlòmíràn máa ń lo óìlì bíréèkì. Ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń bó ọ̀dà ọkọ̀, ó sì lè gbiná lára páìpù gbígbóná, nítorí náà èmi kì í lò ó.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú mẹ́fà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Igun orí bóòtù nìkan ni olójú méjìlá ń dì mú, bí ògùn-ún bá sì ti jẹ igun yẹn, orí bóòtù á di róbótó kẹ́ ẹ tó mọ̀. Ọ̀kan ti jẹ débi pé 14 ń yí lórí rẹ̀ lásán. Mo fi òòlù gbá 13 wọ̀ ọ́, ó sì dì í mú. Kì í ṣe títú ni mo kọ́kọ́ ṣe o, mo dè é sí i díẹ̀ kí ògùn-ún lè já, kí n tó máa dá a padà. Bóòtù tó fẹ́ tú máa ń dún kẹ́ẹ̀. Èyí tó fẹ́ ṣẹ́ kì í dún, ńṣe ló ń rọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Àwọn méjèèjì ń rọ̀. Mo fi sípánà sílẹ̀, mo lọ pe wẹ́dà àdúgbò wa.

Kó tó tan gáàsì rẹ̀, mo yọ orí bátìrì kí iná wẹ́dà má baà ba brain box (kọ̀ǹpútà ọkọ̀) jẹ́, mo nu gbogbo óìlì kúrò, mo gbé omi àti yanrìn sítòsí. Páìpù epo bẹ́tiróòlù gba abẹ́ ọkọ̀ yìí kọjá, ẹ má fi ṣeré. Nọ́ọ̀tì ló ń yan, kì í ṣe bóòtù, kí nọ́ọ̀tì lè fẹ̀ kó sì jù ú sílẹ̀. Nígbà tó pọ́n, a dúró díẹ̀, mo wá fi àbẹ́là kàn án. Ìda náà yọ́ wọ inú tírẹ́ẹ̀dì (ìlà tó yí ara bóòtù ká) lọ wàì. Ti àkọ́kọ́ bá sọ́kẹ́ẹ̀tì jáde.

Ìkejì ṣẹ́. Ògùn-ún ti jẹ ẹ́ tín-ín-rín láàárín, kò sí bí a ṣe lè gbà á là. Wẹ́dà fi nọ́ọ̀tì tuntun lé kùkùté tó kù, ó sì jó o pọ̀ láti inú ihò nọ́ọ̀tì náà. Mo ti na ọwọ́ sí sípánà.

"Àbúrò, ẹ jẹ́ kó tutù ná."

Òótọ́ ni. Bí kùkùté bá ti fẹ̀ nínú iná, tó tún sún kì padà nígbà tó ń tutù, ìgbà yẹn ni ògùn-ún ń já kúrò lára rẹ̀. Nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ já dànù. Ó tún jó òmíràn, ìyẹn sì yí i jáde. Inú mi dùn pé kò di ti dírìlì àti extractor (irin tí a ń kì bọ inú bóòtù tó ṣẹ́ láti fi yí i jáde), torí bí extractor bá ṣẹ́ sínú ihò, irin rẹ̀ le ju ẹnu dírìlì lọ.

Ó kù kí n fi tap 10 × 1.25 (irin tí a fi ń gé tírẹ́ẹ̀dì sínú ihò) fọ tírẹ́ẹ̀dì. Bóòtù tuntun ni mo rà ní ọjà Ladípọ̀. Gíríìsì oníbàbà ni mo fi pa á, torí gíríìsì lásán á jó tán lára sílẹ́ńsà. Mo de bóòtù títí èjìká rẹ̀ fi kan páìpù, mo fi mọ bẹ́ẹ̀. Sípíríǹgì ló ń ṣe ìyókù.

Lower arm (apá irin tó so táyà iwájú mọ́ ọkọ̀) ló kàn. Rọ́bà ló yí bóòtù tiẹ̀ ká, a ò lè yan án níná. Ayùn ni mo máa fi gé e.