Ìbọn Nínú Ilé Tí Ọmọdé Wà: Bí A Ṣe Ń Tì Í Pa, àti Ìgbà Tó Yẹ Kó Kúrò Nílé

Kí ẹ tó ra àpótí, kí ẹ tó ra àgádágodo, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: kí ni ìbọn yìí ń ṣe nínú ilé? Bí ìdáhùn bá jẹ́ "ó kàn wà níbẹ̀ ni," ẹ jẹ́ kó kúrò. American Academy of Pediatrics, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, sọ ọ́ láìfepo-bọyọ̀ pé ilé tí kò sí ìbọn ló dáa jù fún ọmọ. Bí ìbọn bá sì máa wà, wọ́n ní kó ṣófo, kó wà ní títìpa, kí ọta rẹ̀ náà sì wà ní títìpa níbòmíràn. Wọn ò sọ àsọdùn. Láti ọdún 2020, ikú ìbọn ti borí ikú jàǹbá ọkọ̀ láàárín àwọn ọmọ ọdún 1 sí 19 ní orílẹ̀-èdè wọn. Ṣùgbọ́n ọdẹ wà, agbófinró wà, ẹni tó ń fi ìbọn díje wà, àwọn náà sì ń bímọ. Àwọn la kọ ìyókù fún.

Pamọ́ kì í ṣe títì

Òkè kọ́bọ́ọ̀dù, abẹ́ ìrọ̀rí, inú báàgì, abẹ́ aṣọ nínú dúrọ́ọ̀: ibi ìpamọ́ ni gbogbo wọn, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ títì nínú wọn. Ọmọ tó ń wá bískíìtì yóò gun àga. Ọmọ tó ń wá ṣájà fóònù yóò tú dúrọ́ọ̀. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2006 ní Amẹ́ríkà, wọ́n bi òbí àti ọmọ léèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú àwọn òbí tó fọwọ́ sọ̀yà pé ọmọ àwọn kò mọ ibi tí ìbọn wà, ìdá 39 nínú 100 ni ọmọ wọn ní òun mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ kan tilẹ̀ ti gbé e wò rí, òbí ò mọ̀.

Àwọn kan á ní tírígà le, ọmọ kékeré ò lè fà á. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ọmọdé kì í di ìbọn mú bí àgbà. Yóò yí i padà kí ẹnu rẹ̀ lè kọjú sí òun fúnra rẹ̀, yóò wá fi àtàǹpàkò méjèèjì ti tírígà. Agbára àtàǹpàkò méjì ju ti ìka ìfábẹ̀lá kan lọ fíìfíì. Bọ́tìnì sáféètì tó wà lára ìbọn náà kò sì jẹ́ àgádágodo, nítorí ìka kan ló ń ṣí i.

Ẹ kọ́ ọmọ pé bó bá rí ìbọn, kó má fọwọ́ kàn án, kó kúrò níbẹ̀, kó pe àgbà. Ó dáa kó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò tó. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Nínú àwọn ìdánwò tí wọ́n ti gbé ìbọn tí kò lè yìn mọ́ sínú yàrá, ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ti kọ́ ní ẹ̀kọ́ yìí gan-an ló ṣì gbé e. Àgbà ni iṣẹ́ yìí wà lọ́rùn rẹ̀.

Títú ọta kúrò

Ibi tí àṣìṣe ti ń pani nìyí, àwọn tí ìbọn sì ti mọ́ lọ́wọ́ náà ń ṣe é. Kí àwọn ọmọ wà ní yàrá mìíràn. Kí ẹnu ìbọn kọjú síbi tí ọta ò ti ní ba ẹnikẹ́ni bó bá ṣèèṣì jáde. Ẹ rántí pé ògiri pátákó kì í dá ọta dúró. Kí ìka jìnnà sí tírígà.

Bó bá jẹ́ ìbọn ìléwọ́ tó ń lo mágásíìnì, ìyẹn agolo kékeré tí ọta ń wà nínú rẹ̀:

1. Ẹ kọ́kọ́ yọ mágásíìnì.
2. Ẹ fa irin òkè rẹ̀ sẹ́yìn pátápátá, kí ọta tó wà nínú ihò, ìyẹn ibi tí ọta ń dúró sí kó tó yìn, já bọ́. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
3. Ẹ há irin náà sẹ́yìn, ẹ yẹ inú ihò náà wò nínú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wá ti ìka kékeré bọ̀ ọ́. Ojú lè fo ọta tó wà nínú òkùnkùn, ìka ò ní fò ó.

Bí ẹ bá gbé ìkejì ṣíwájú èkínní, ọta kan á já bọ́ lóòótọ́, ọkàn yín á sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí irin náà ṣe ń padà sípò ni yóò gbá ọta tuntun láti inú mágásíìnì wọnú ihò. Ẹ wá yọ mágásíìnì, ó dà bíi pé ìbọn ti ṣófo, bẹ́ẹ̀ ọta kan ṣì wà nínú rẹ̀ tó ṣe tán àtijáde. Àìmọye ìbọn tí wọ́n ní "kò sí nǹkan nínú ẹ̀" ló jẹ́ pé ọta kan ṣoṣo yìí ló wà nínú ẹ̀.

Ìbọn ìléwọ́ tó ní àgbá kékeré tó ń yí: ẹ ṣí àgbá náà síta, ẹ gbé ẹnu ìbọn sókè, ẹ tẹ ọ̀pá tó ń ti ọta jáde, kí ẹ sì ka àwọn ihò náà. Ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ gba inú gbogbo wọn kọjá. Ìbọn tó ń ṣẹ́ láàárín rọrùn: ẹ ṣẹ́ ẹ, ẹ wo inú àgbá méjèèjì, ìyẹn ọ̀nà tí ọta ń gbà jáde. Èyí tí wọ́n ń fà síwá-sẹ́yìn ń kó ọta pamọ́ sínú ọ̀pá abẹ́ àgbá, nítorí náà ẹ fà á títí nǹkan kan ò fi ní jáde mọ́, kí ẹ wá fi ìka kan ẹnu ọ̀pá náà. Ní ti ìbọn tí wọ́n ń kì láti ẹnu, ẹ má gbé e wọlé ní kíkì rárá. Ẹ̀tù rẹ̀ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ ní àpótí tirẹ̀, kó jìnnà sí iná.

Ẹ ka ọta tó jáde. Bí méje bá wọlé, méje gbọ́dọ̀ jáde.

Ohun tí a fi ń tì í

Okùn wáyà alágàádágodo ló wọ́pọ̀ jù, kò sì wọ́n. Ẹ ki wáyà náà gba ojú ihò tí èèpo ọta tó ti yìn ń gbà fò jáde, kó gba ibi tí mágásíìnì ń wọ̀ bọ́ sísàlẹ̀, kí ẹ wá tì í. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe tọ́: irin òkè kò ní lè padà sípò, a ò sì ní lè ti mágásíìnì bọ̀ ọ́. Ẹni tó kàn we wáyà mọ́ ìdí ìbọn kò tíì ti nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni pé ohun tó ń gé wáyà yóò gé e, torí náà ọmọ kékeré ló lè dá dúró, kì í ṣe ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Àgádágodo tó ń bo tírígà náà wà. A kì í fi í sára ìbọn tó ní ọta láéláé, torí pé bí ẹ ṣe ń tì í mọ́ra, ó lè fa tírígà.

Àpótí irin tàbí séèfù ló dáa jù, kí okùn wáyà sì tún wà lára ìbọn nínú rẹ̀. Kí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ ilẹ̀ tàbí ògiri. Séèfù kékeré tí a ò dè mọ́ nǹkan, ẹrù tó ṣeé gbé lọ ni, àwọn kan sì máa ń ṣí bí wọ́n bá já lulẹ̀. Ọjọ́ ìbí ọmọ kì í ṣe nọ́mbà àṣírí. Bọ́tìnì mẹ́rin tí lílò ti jẹ lójú yóò sọ nọ́mbà yín fún ẹnikẹ́ni tó bá wò wọ́n dáadáa, nítorí náà ẹ máa pààrọ̀ nọ́mbà náà. Bátìrì máa ń kú. Ìdí nìyí tí séèfù fi ń ní kọ́kọ́rọ́ pàjáwìrì, òun sì ni ọ̀pọ̀ ń jù sínú dúrọ́ọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ séèfù náà. Ara àgbàlagbà ni kí kọ́kọ́rọ́ yẹn wà, tàbí kó kúrò nílé.

Èyí tó ń lo ìtẹ̀ka ń fẹ́ àyẹ̀wò àrà ọ̀tọ̀. Irú kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ kò bá tíì forúkọ ìka yín sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ rẹ̀ dáadáa, ìka ẹnikẹ́ni ló ń ṣí i. Lọ́dún 2023 wọ́n kó irú rẹ̀ padà lọ́jà ní Amẹ́ríkà nítorí àbùkù yìí. Lẹ́yìn tí ẹ bá tò ó tán, kí ẹ tó fi ìbọn sí i, kí gbogbo ará ilé fi ìka wọn dán an wò, tọmọdé tàgbà. Ẹni tí ẹ ò fún láyè kò gbọ́dọ̀ lè ṣí i.

Ọta ní àpótí tirẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yàtọ̀, ibi gbígbẹ tí kò gbóná ló sì ń fẹ́. Kọ́kọ́rọ́ kan náà fún méjèèjì ti sọ àpótí méjì di ẹyọ kan. Bí ìbọn bá ń dípẹtà nínú séèfù, àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin ni kí ẹ fi sí i, kò sí ìdí láti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún atẹ́gùn.

Ẹni tó ní ìdáàbòbò lòun tìtorí ẹ̀ gbé ìbọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, àpótí kékeré tí nọ́mbà tàbí ìtẹ̀ka ń ṣí dípò kọ́kọ́rọ́, tí a dè mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ń ṣí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Ẹ fi í dánra wò nínú òkùnkùn, kí ìbọn má sí nínú rẹ̀. Fífi ìbọn sílẹ̀ gbalaja kò ní fi àkókò púpọ̀ lé e fún yín, ọmọ ló máa rí àǹfààní yẹn lò.

Ilé ẹlòmíràn

Bí ọmọ bá ń lọ ṣeré tàbí sùn níbòmíràn, ẹ bi wọ́n bí ẹ ṣe ń bi wọ́n nípa ajá: "Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ìbọn wà nílé? Ṣé ó wà ní títìpa?" Ẹ bi ìyá àgbà àti bàbá àgbà náà, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ilé tí ọmọ kì í gbé ni wọn kì í sábà ti ìbọn pa.

Bí ọmọ tó ti ń bàlágà bá wà nínú ìpọ́njú ọkàn

Gbogbo ohun tí a ti sọ lókè, ọmọ yìí lè mọ ọ̀nà rẹ̀. Ó ti ń wo ọwọ́ yín láti ọdún pípẹ́. Bí ó bá ń sọ pé ayé sú òun, tí kì í sùn, tó yẹra fún àwọn ọ̀rẹ́, tó ń pín ohun tó fẹ́ràn fún ènìyàn, títì kò tó mọ́. Kí ìbọn àti ọta kúrò nílé lọ́jọ́ náà gan-an. Èrò àtipa ara ẹni sábà máa ń gbóná fún ìgbà díẹ̀, bí ìgbà yẹn bá sì kọjá, ọ̀pọ̀ ló ń yè é. Ìbọn kì í fúnni láyè ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹ bi ọmọ náà ní tààrà bóyá ó ń ronú àtikú. Ìbéèrè náà kì í gbin èrò ọ̀hún sí i lọ́kàn. Kí ẹ wá mú un lọ bá dókítà.

Ní ti ibi tí ìbọn yóò lọ, òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Àgọ́ ọlọ́pàá, ẹni tó ní ìwé àṣẹ láti ta ìbọn, tàbí ìbátan tó ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ ni àwọn ibi tó sábà máa ń ṣeé ṣe. Ẹ kọ́kọ́ fóònù wọn kí ẹ tó gbé e dé, ẹ gbé e lọ ní ṣíṣófo, kí ẹ gba ìwé ẹ̀rí, kí ẹ sì bá ẹni tó gbà á sọ ọ́ pé kó má dá a padà láìjẹ́ pé dókítà ti ní ó tó àsìkò.