Bí a ṣe gba ilẹ̀, tí a sì kọ́lé sí abúlé ìyàwó mi ní Sumba

Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ pé mo kọ́lé sí Indonesia, Bali ló máa ń rò. Sumba ni. Erékùṣù yìí wà ní ìlà-oòrùn Bali, lábẹ́ ìpínlẹ̀ Nusa Tenggara Timur tí Kupang jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Abúlé tiwa wà ní gúúsù Sumba Timur, níbi tí pápá koríko ti lọ salalu, tí ẹṣin ń jẹ̀ láìsí ẹni tó ń dà wọ́n. Àwọn ojúlùmọ̀ ò yéé bi mí bí mo ṣe rí i ṣe, pàápàá àwọn tó ń fẹ́ ọmọ Indonesia, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ òfin kúrò lọ́nà ná, torí ibẹ̀ ni owó àjèjì ti máa ń rá jù. Òfin ilẹ̀ wọn ti ọdún 1960, tí wọ́n ń pè ní UUPA, sọ ọ́ gbangba pé ọmọ onílùú nìkan ló lè ní hak milik, ìyẹn ilẹ̀ tó jẹ́ tẹni títí ayé. Àjèjì lè háyà ilẹ̀. Tó bá ní ìwé ìgbélùú, ó tún lè gba hak pakai, ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀: ìlànà ọdún 2021 fún un ní ọdún 30, ó lè fi 20 kún un, kó sì tún tún un ṣe fún 30 mìíràn. Ẹ̀bùrú tí àwọn alágbàtà máa ń fi han àlejò ni pé kí ó san owó, kí wọ́n fi orúkọ ọmọ onílùú kan sí ìwé ilẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì lọ tọwọ́ bọ ìwé ìkọ̀kọ̀ pé àlejò ló ni ín. Abala 26 nínú òfin yẹn ti dí ọ̀nà náà pa. Tí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, àdéhùn di òfo, ilẹ̀ di ti ìjọba, owó tí o san ò sì ní padà wá. Mo mọ àwọn tó ṣe é tí wọ́n ń sùn fọnfọn. Irú oorun bẹ́ẹ̀ ò lè kùn mí.

Ìyàwó mi ọmọ onílùú ni, ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Rárá o. Tí tọkọtaya ò bá ní ìwé tó ya ohun ìní wọn sọ́tọ̀, ohun tí ọ̀kan bá rà lẹ́yìn ìgbéyàwó ti di ti àwọn méjèèjì. Àjèjì ti wà nínú ilẹ̀ nìyẹn, òfin sì fún un ní ọdún kan péré láti gbé e sílẹ̀. Láyé àtijọ́, ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó ṣègbéyàwó. Obìnrin ọmọ Indonesia kan tó fẹ́ ará Japan ló gbé ẹjọ́ náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ tó ń bójú tó Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè wọn, ní 2016 ni wọ́n sì dá a pé tọkọtaya lè kọ ọ́ nígbàkigbà tí ìgbéyàwó bá ṣì wà. Bí a ṣe lọ sọ́dọ̀ nótárì nìyẹn, tí mo sì tọwọ́ bọ̀wé pé ohunkóhun tí ìyàwó mi bá rà, mi ò ní ìpín níbẹ̀. A lọ forúkọ ìwé náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ìwé ìgbéyàwó. Nígbà tí Màmá mi gbọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ní ṣé orí mi pé báyìí? "Owó tìẹ, ilé tirẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Wọ́n pa fóònù.

Ti ìwé ìrìnnà, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tí mo ń wá ìwé ìwọ̀lú, Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí Indonesia ń fi sábẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní calling visa, tí iléeṣẹ́ ìjọba bíi mélòó kan máa jọ yẹ ọ̀rọ̀ rẹ wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ìwé ìgbéyàwó àti lẹ́tà tí ìyàwó mi kọ láti dúró fún mi ló ṣiṣẹ́ náà. Sùúrù ló gbà, kò gba ọgbọ́n kankan.

Láti Denpasar ní Bali, ọkọ̀ òfurufú á gbé ọ dé Waingapu ní bí wákàtí kan ààbọ̀, ṣùgbọ́n ẹrù ìkọ́lé ò lè bá ọ wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ ojú omi ni tàwọn yẹn. Àwọn ọkọ̀ Pelni, iléeṣẹ́ ìjọba, máa ń yà sí èbúté Waingapu, ọkọ̀ tó ń kó mọ́tò sì ń ti Ende ní Flores sọdá wá. Láti bí oṣù Kejìlá títí wọ oṣù Kẹta, òkun máa ń ru. Wọ́n á kàn ní kò sí ọkọ̀ lónìí, o ò sì ní mọ ìgbà tí "lónìí" máa parí.

Láti Waingapu sí abúlé, oto là ń wọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ni, wọ́n to bẹ́ǹṣì igi sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ènìyàn, àpò ìrẹsì, ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀, páànù, gbogbo wọn ló jọ ń fò sókè tí wọ́n jọ ń balẹ̀. Níbi tí ọ̀dà bá ti tán, òkúta funfun ló kù, tí òjò bá sì dé, ẹrẹ̀. Awakọ̀ oto ni ẹni pàtàkì jù lójú ọ̀nà yẹn. Òun ni ará abúlé ń fi owó rán, òun ni wọ́n ń rán ra oògùn, ẹnu rẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ẹni tó kú àti ẹni tó bímọ. Símẹ́ńtì tèmi ò tú, kò sì rin lójú ọ̀nà, torí pé mo tètè mọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ.

Tí o bá dé, kọ́kọ́ lọ fi ara rẹ han olórí àdúgbò àti olórí abúlé. Òfin ni fún àlejò, ìwà ọmọlúàbí náà sì ni. Ilé tí o bá yà sí, wọ́n á gbé agbọ̀n kékeré síwájú rẹ: pinang, ìyẹn èso àrékà, èso sirih tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, àti ẹfun tí wọ́n lọ̀ kúnná. O máa rún wọn pọ̀, ẹnu rẹ á pọ́n, orí á fò ọ́ díẹ̀. Ẹni tí kò bá lè jẹ ẹ́ lè gbà á, kó fi sápò. Kíkọ̀ ọ́ ni kò dáa. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó ń pè mí ní Umbu, bí wọ́n ṣe ń pe ọkùnrin tí wọ́n bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún.

Ilẹ̀ tí a ń wò jẹ́ ti kabihu ìyàwó mi, ìyẹn mọ̀lẹ́bí ńlá tí wọ́n bí i sí. Ọ̀dọ̀ bàbá ni ọmọ ń bá lọ ní Sumba. Obìnrin tí wọ́n bá ti san belis, ìyẹn ohun ìdána, lé lórí ti kúrò ní kabihu bàbá rẹ̀, ó ti wọ ti ọkọ. Ẹṣin, ẹfọ̀n àti ohun ọ̀ṣọ́ wúrà tí wọ́n ń pè ní mamuli ni wọ́n fi ń san belis, ilé ìyàwó á sì fi aṣọ híhun àti ẹlẹ́dẹ̀ dá a padà. Mo ti san tèmi dé ibi tí wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n kabihu wo ni ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní, tí ìyàwó rẹ̀ máa wọ̀? Ìbéèrè tí àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó mi gbé kalẹ̀ nìyẹn: tí ilẹ̀ yìí bá kúrò lọ́wọ́ wa, ilé ta ló ń wọ̀?

Wọn ò bi mí lójúkojú. Níbi irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, onílé àti àlejò kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà. Ìhà kọ̀ọ̀kan ní wunang tirẹ̀, àgbà ọ̀rọ̀ tó ń gbẹnu sọ fún wọn, tó sì ń sọ ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ní méjì méjì, ìlà kan ń gbe èkejì lẹ́sẹ̀. Ẹ rántí alága ìdúró àti alága ìjókòó níbi ìdána. Ẹ wá yọ àwàdà àti owó níná kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ fi àwọn baba ńlá tó ti kú sí i, torí Marapu, ẹ̀sìn àwọn baba ńlá, ló ni ìjókòó yẹn. Wọ́n pa adìyẹ, wọ́n sì wo ìfun rẹ̀. Mo jókòó, mo ń rún pinang, wọ́n ń sọ̀rọ̀ mi níṣojú mi bí ẹni pé mo wà lókè òkun.

Kí wọ́n tó fèsì, àgbà kan kú nínú kabihu náà, gbogbo nǹkan sì dúró. Òkú lè wà nílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ní Sumba kí wọ́n tó kó ẹran jọ tán. Ẹnì kan ní ọ́fíìsì kan ní ìlú gbà mí nímọ̀ràn pé kí n padà sí Jakarta, kí n wá lẹ́yìn ìsìnkú. Ìyàwó mi ní mi ò gbọ́dọ̀ kúrò. Àwa tí a gbé ìyàwó nílé wọn, ẹṣin tàbí ẹfọ̀n là ń mú lọ síbi òkú wọn, a kì í mú ẹlẹ́dẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ àti aṣọ ni ti àwọn tó fún èèyàn níyàwó. Mo ra ẹṣin, mo fà á wọ àgbàlá níwájú gbogbo ènìyàn, èmi àti àwọn ọkọ ilé yòókù. Àwọn ọkùnrin tí kì í dá mi lóhùn tẹ́lẹ̀ ń bi mí iye tí mo rà á. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà, láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún béèrè ilé tí ilẹ̀ ń wọ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni iye ọmọ tí a máa bí.

Wọ́n gbà láti tà á fún wa, àmọ́ wọ́n dá nǹkan mẹ́ta sí i: a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ibojì òkúta tó wà ní igun ilẹ̀, ọ̀nà tí ẹfọ̀n ń gbà lọ mumi kò gbọ́dọ̀ dí, tí a bá sì fẹ́ tà á lọ́la, àwọn la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi lọ̀. Àwọn arákùnrin ìyàwó mi tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn yọ̀ǹda, olórí abúlé àti camat, ọ̀gá àgbègbè, ṣe ẹlẹ́rìí.

Iṣẹ́ ìwé tó tẹ̀ lé e rọrùn ju ìyẹn lọ. Àwọn onílẹ̀ tó yí wa ká wá síbi òkúta ààlà, wọ́n fọwọ́ sí i, awọnlẹ̀ láti BPN, àjọ ìjọba tó ń rí sí ilẹ̀, wá wọ̀n ọ́n. Ó gé apá tó sún mọ́ òkun kúrò, torí òfin ọdún 2016 ní kí èèyàn fi ó kéré tán mítà 100 sílẹ̀ láti ibi tí omi ń ga dé. Gbogbo àwòrán ilé etí òkun tí mo ti yà sínú fóònù mi ló parí síbẹ̀. Owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ilẹ̀: ẹni tó rà á san ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ iye tí ìjọba dá sí, ẹni tó tà á san 2.5. Ìwé àdéhùn gba sítáǹbù meterai rúpíà 10,000. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ìwé síwájú yín láìsí i.

Ohun tó yẹ kí tọkọtaya jọ sọ kí wọ́n tó náwó ni èyí. Tí ìyàwó mi bá ṣáájú mi kú, ilẹ̀ lè kàn mí nínú ogún, ṣùgbọ́n ọdún kan ni mo ní láti gbé e sílẹ̀. Àwọn ọmọ ni yóò dì í mú. Òfin 2006 gbà kí ọmọ irú ìgbéyàwó wa jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè méjì títí yóò fi pé ọdún 18, ọdún mẹ́ta sì wà fún un lẹ́yìn náà láti mú ọ̀kan. Ọmọ tó bá mú Nàìjíríà ti já ilẹ̀ yẹn sílẹ̀. Àwọn àgbà kabihu mọ èyí dáadáa, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn.

Nípa ilé gan-an, mo béèrè bóyá mo lè kọ́ èyí tí òrùlé rẹ̀ ga ṣóńṣó, uma mbatangu. Wunang wa rẹ́rìn-ín. Inú òrùlé gíga yẹn ni wọ́n ń kó ohun ìní Marapu sí. Kí ni ọkọ ọmọ fẹ́ kó síbẹ̀? Búlọ́ọ̀kù ni mo fi kọ́ tèmi, mo fi páànù bò ó, mo sì ní kí káfíńtà fi irin de òrùlé mọ́ ògiri. Ní oṣù Kẹrin 2021, ìjì Seroja jà ní gbogbo agbègbè yẹn, omi sì ya ìsédò Kambaniru lẹ́bàá Waingapu. Ọgbà tó yí ilé ká ṣe pàtàkì ju fèrèsé lọ, ẹran ọ̀sìn ń rìn kiri, wọ́n á sì jẹ ewé tí o gbìn tán ní alẹ́ kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọ́n ń sun pápá, torí náà ẹ ro àyíká ilé mọ́ dé ibi tó jìnnà.

Ibà wà níbẹ̀. Oríṣi kan tí wọ́n ń pè ní vivax máa ń padà wá, primaquine ni wọ́n sì fi ń lé e. Ọ̀pọ̀ ènìyàn láti apá Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ẹ̀jẹ̀ wọn ní àbùkù G6PD, oògùn yẹn sì lè bà wọ́n lẹ́jẹ̀ jẹ́. Ẹ ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì sọ èsì rẹ̀ fún dókítà kí ó tó kọ oògùn.

Omi ni ohun tí a ṣì ń bá fà á. Ìsun tó sún mọ́ wa jìnnà, àwọn obìnrin àti ọmọdé ló ń rù ú. A gbẹ́ kọ̀ǹga símẹ́ńtì tó ń gba omi òjò láti orí páànù, tó bá tán, táńkà ni a ń pè láti ìlú, owó rẹ̀ sì ń gorí owó ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ wá wo ilẹ̀ ní Sumba Timur, oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá ni kó wá, nígbà tí odò ti gbẹ tán, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin ibi tí wọ́n ti ń pọnmi kó tó béèrè iye ilẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin kankan.