Bí a ṣe ń gbin hóró òdòdó Pride of Barbados

Òdòdó tó ń ti ọdún dé ọdún ni Pride of Barbados. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó gbìn ín. Ó pupa, ó ní àwọ̀ ìyeyè létí, ojú oòrùn gan-an ló sì fẹ́ràn. Bí ẹnì kan bá ní hóró rẹ̀ kì í hù, kì í ṣe pé hóró náà ti kú o. Èèpo rẹ̀ ló yi jù, omi ò ráyè wọlé.

Ẹ ká èso rẹ̀ nígbà tó bá ti gbẹ lórí igi. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù, torí bí oòrùn bá mú un, á là pàù, á sì ta hóró káàkiri àgbàlá. Ẹ kó o sínú àpò, kó là síbẹ̀. Ẹ gbé e jìnnà sí àwọn ọmọdé, torí májèlé wà nínú hóró tó ti gbó.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ rẹ hóró náà sómi, ẹ fi ohun ìgékánná gé èèpo rẹ̀ bíńtín, tàbí kí ẹ fi pépà tí káfíńtà fi ń dán pákó ha ẹ̀gbẹ́ kan títí inú rẹ̀ yóò fi hàn. Ẹ má fọwọ́ kan ibi sóńsó orí rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbòǹgbò yóò gbà yọ. Ẹ wá rẹ ẹ́ sómi lílọ́wọ́ọ́rọ́ mọ́jú. Èyí tó bá wú ti ṣe tán. Èyí tí kò wú, ẹ tún un ha.

Òpin Oṣù Kẹta sí Oṣù Kẹrin ló dára, àmọ́ inú ọ̀rá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ máa ń tanni jẹ: á rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, oòrùn á gorí rẹ̀, hóró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù á sì gbẹ mọ́lẹ̀. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà tí ẹ dá ihò sí nídìí ti tó, ẹ má wulẹ̀ náwó sí ìkòkò. Ẹ po ilẹ̀ dúdú mọ́ yanrìn díẹ̀, ẹ fi hóró méjì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó má jìn ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Kó máa tutù, kí omi má ṣáà dárogún sí i. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ó yẹ kó ti hù. Ẹ fa èyí tí kò lágbára tu.

Bó bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan, tí òjò sì ti ń rọ̀ déédéé, ẹ ṣí i kúrò nínú ọ̀rá, kí ẹ tún un gbìn síbi tí oòrùn ń pa, kí iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ má fọ́. Ẹ fi mítà 1.5 sáàárín wọn. Ẹ fi wáyà yí i ká, ewúrẹ́ ò mọ̀ pé òdòdó ni. Ìgbẹ́ adìyẹ púpọ̀ kò yẹ ẹ́: ewé ni yóò máa yọ. Ẹni tó bá sì gbìn ín ní Oṣù Kẹwàá, kó múra àtimáa bomi rin ín títí ọyẹ́ yóò fi lọ.