Ẹ Tan Pọ́ǹpù Kí Ẹ Tó Wọn Iná: Ìtọ́sọ́nà fún Olóko Ewébẹ̀ àti Onílé ní Agbègbè Iléṣà

Pọ́ǹpù omi tó ń jóná lóko ewébẹ̀ láti ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti dé ló fa ìwé kékeré yìí. A ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń bomi rin tẹ̀tẹ̀ àti tòmátò; ẹ mọ ìyẹn jù wá lọ. Wáyà tó ti ilé lọ sí kànga lọ̀rọ̀ kàn.

Àṣìṣe kan náà là ń bá níbi gbogbo. Pọ́ǹpù ń kùn, kò fa omi. Wọ́n pe réwáyà, ó fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná kan wáyà létí kànga, ó rí 215 fóltì (agbára tó ń ti iná), ó ní, “Bàbá, iná yín pé. Pọ́ǹpù yín ló bàjẹ́.” Pọ́ǹpù sì wà ní pípa nígbà tó ń wọ̀n ọ́n! Wáyà tí iná kò sàn nínú rẹ̀ kì í jẹ fóltì, ì báà tín-ín-rín bí òwú. Bàbá ra pọ́ǹpù mìíràn, òun náà jóná lórí wáyà kan náà.

Ẹ wo pọ́ǹpù 1 HP kan tí wáyà rẹ̀ gùn tó 120 mítà. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, fóltì ilé jẹ́ 215, ti etí kànga 197, iná tó ń fà jẹ́ 6 ámpíà. Ẹ yọ 197 kúrò nínú 215, ó ku 18. Ohun tí wáyà jẹ nìyẹn. Ẹ fi 6 pín in: 3 óòmù, ìdènà inú wáyà. Ẹ sọ 18 náà di ìlọ́po 6: 108 wáàtì, iná tí ẹ ń sanwó rẹ̀ tó kàn ń mú wáyà gbóná. Ẹ má fi 6 pín 215 o. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Pọ́ǹpù tó ń gbéra lè wá iná tó tó ìlọ́po 5 èyí tó ń fà nígbà tó bá ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá fẹ́ fa 30 ámpíà lórí 3 óòmù, 90 fóltì ni wáyà á gbé mì. Kí ló kù fún pọ́ǹpù? 125. Kò ní lè gbéra. Á máa kùn títí kọ́ìlì, wáyà tí wọ́n ká sínú rẹ̀, á fi dúdú.

Wáyà bàbà 1.5 (mm², ìwọ̀n bó ṣe nípọn tó) nìyẹn. 1,000 mítà rẹ̀ ní 12.1 óòmù, ti 2.5 ní 7.41; ti 4 ní 4.61. Iná ń lọ, ó ń bọ̀, nítorí náà ẹ ka 120 mítà sí 240. Wáyà 4 á fún yín ní nǹkan bí 1.1 óòmù, kò ní jẹ tó 7 fóltì. Kí ohun tí wáyà ń jẹ má ju 11 fóltì lọ. Ẹ fi ọ̀bẹ họ ọ́ lójú ọlọ́jà: bí inú rẹ̀ bá funfun, bàbà kọ́, ẹ dá a padà. Bí fóltì ilé fúnra rẹ̀ kò bá tó 200, wáyà kọ́ ló ṣe é. Ẹ má tan pọ́ǹpù rárá.

Nínú ilé, fóltì ní ìlọ́po ámpíà ni wáàtì. Pọ́lọ́ọ̀gì 13 ámpíà lórí 230 fóltì kò gbọdọ̀ ru ju 2,990 wáàtì. Kẹ́tù 2,000 àti áyọ́ọ̀nù 1,000 lórí ẹkitẹ́ńṣọ̀n kan ti kọjá rẹ̀. Ẹni tó fi ìṣó dípò fíúsì, a ò mọ ohun tí a lè kọ fún un.

Ẹ jẹ́ kí réwáyà wọ̀n ọ́n, kó wọ bàtà gbígbẹ, kó dúró lórí pákó gbígbẹ. Ilẹ̀ etí kànga tutù. Kó kọ nọ́ńbà mẹ́ta sílẹ̀ fún yín nígbà tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́: fóltì ilé, fóltì kànga, ámpíà. Bí kò bá tíì kọ ọ́, ẹ má tíì sanwó.