Bí mo ṣe la ọ̀nà fún àgbàrá ní Ìjẹ̀bú-Òde

Bíríkìlà ní iṣẹ́ náà kò le: gọ́tà láti ẹ̀yìnkùlé mi dé ẹnu kọ́fátì àdúgbò, ihò tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ títì, ká sì bo ojú gọ́tà náà níwájú géètì. Ó kọ iye owó rẹ̀ sára páálí fún mi. Nígbà tá a fi parí, mo ti ná ìlọ́po méjì owó yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gọ́tà ló jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ eléyìí.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni àdúgbò wa. Òkè ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́lé, àkùrọ̀ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, odò kékeré kan sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Nígbà tí mo ń kọ́lé mi, yanrìn àti koríko ló wà nínú àgbàlá gbogbo èèyàn. Bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ á mu tiẹ̀, ìyókù á rọra ṣàn lọ sí àkùrọ̀. Ayé íńtálọ́ọ̀kì la wà báyìí. Olúkúlùkù tẹ́ ẹ láti géètì dé ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó sì dá a gẹ̀rẹ́ sí ojú títì kí omi lè tètè jáde. Jáde lọ síbo? Sọ́dọ̀ ẹni tó wà nísàlẹ̀, èmi nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Òjò mìlímítà kan lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, lítà omi kan gééré ni. Bí òjò 40 mìlímítà bá rọ̀ sórí òrùlé tó gùn ní mítà 15, tó fẹ̀ ní mítà 10, lítà 6,000 ló máa já wálẹ̀, ìyẹn dúróòmù 30. Òrùlé ẹyọ kan nìyẹn o, ẹ ò tíì ka ti òkè.

Mi ò ní fi bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ gọ́tà dá yín dúró, gbogbo bíríkìlà ló mọ̀ ọ́n. Ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo dúró lé lórí. Wọ́n fẹ́ fojú wọ̀n ọ́n, mo ní rárá. Wọ́n wá gbé rọ́bà tín-ín-rín tí omi inú rẹ̀ ń hàn jáde, ẹnì kan di orí kan mú lókè, ẹnì kejì di ìkejì mú nísàlẹ̀, ibi tí omi bá dúró sí ni wọ́n ń sàmì sí lára èèkàn. Sẹ̀ǹtímítà kan fún mítà kọ̀ọ̀kan ni mo ní kí wọ́n fi máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Títí dòní, omi kì í dúró nínú gọ́tà yẹn, ẹ̀fọn kò rí ibi yé sí. Ẹ yà wò ó bẹ́ ẹ bá ń kọjá.

Ẹnu kọ́fátì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wò ó: ilẹ̀ pupa ti dí i dé ìdajì. Nínú ìdajì tó kù, ọ̀rá píọ́wọ́tà, sálúbàtà ọmọdé ẹsẹ̀ kan, kùkùté ọ̀gẹ̀dẹ̀. A kó gbogbo rẹ̀ jáde, síbẹ̀ omi kò lọ. Ẹnì kan ti ra àkùrọ̀ tó wà lódì kejì, típà ti da ilẹ̀ sí i títí tó fi ga ju ẹnu kọ́fátì lọ. Ibi tí àwọn ìyá wa ti ń wa kókò tí wọ́n fi ń ṣe èbìrìpò, píla ló dúró síbẹ̀.

Mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan tí mi ò ní dárúkọ. Ọ̀gá kò tíì dé. Ọ̀gá lọ sí Abẹ́òkúta. Ọ̀gá ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́, wọ́n ní kí n fi fọ́tò sí i. Mo mú fọ́tò dé, wọ́n ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tàwọn, ti ọ́fíìsì kejì ni. Ọ́fíìsì kejì ní ta ló rán mi wá. Láti 2009 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní òfin tó dáàbò bo ilẹ̀ àbàtà àti etí odò; mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e lé akọ̀wé lọ́wọ́. Ó ní, “Bàbá, ìwé yìí mà gùn o.” Ó fi dé ife tíì rẹ̀.

Àwọn baba ńlá wa gbẹ́ Erédò Sùngbọ́, yàrà odi ńlá ayé àtijọ́, nǹkan bíi 160 kìlómítà yípo, láìsí katapílà. Ẹnu kọ́fátì kan ṣoṣo ni mo ní kí ẹ bá mi ṣí!

Òjò kò dúró dè wá. Omi wọ yàrá àwọn ọmọ, ó fi ìlà pupa sílẹ̀ lára ògiri. Àwọn tó ta ilẹ̀ ní ọwọ́ àwọn ti kúrò níbẹ̀. Èkó ni ẹni tó rà á ń gbé, kì í gbé fóònù. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ìgbà tí ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà l'Ékòó ń wálé? Ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ni Ojúde Ọba, àjọ̀dún ọdọọdún wa, bọ́ sí. Ọ̀kan nínú àwọn tá a jọ wà nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wa, mọ ẹgbẹ́ tí onílẹ̀ náà wà, ibẹ̀ la ti ká a mọ́.

“Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fẹsẹ̀ kan dé ọ̀hún.”

“Ẹ̀gbọ́n, owó mi ni mo fi ra ilẹ̀ yẹn o.”

Mi ò bá a jiyàn, mi ò sì dárúkọ òfin kankan. Abẹ́ píla rẹ̀ ni mo fi hàn án. Omi tí kò rọ́nà ti ń jẹ ilẹ̀ tó dà síbẹ̀. Ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó wọlé dé kókósẹ̀, pẹ̀lú bàtà olówó ńlá. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní òun gbà kí wọ́n kó ilẹ̀ kúrò lẹ́bàá odò láti ẹnu kọ́fátì lọ sísàlẹ̀, òun kò sì ní kọ́ nǹkan kan síbẹ̀ mọ́. Owó katapílà ńkọ́? Ó ní ṣebí èmi ni mo fẹ́ ẹ.

Mo san án. Nígbà tí òjò oṣù kẹsàn-án dé, mo dúró wò ó: omi já sí àkùrọ̀ tó kù, ó tẹ́ rẹrẹ sáàárín koríko àti kókò, ó da iyanrìn rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kò wọlé mi.

Bó bá jẹ́ òní ni mo ń bẹ̀rẹ̀, mi ò ní pe bíríkìlà rárá títí màá fi wọ bàtà òjò, kí n tẹ̀ lé omi lọ sísàlẹ̀ nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́wọ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni màá sì ti máa wá onílẹ̀ kiri. Màá tún gba owó lọ́wọ́ àwọn onílé òkè kí katapílà tó dé, nítorí ìlérí ni wọ́n fi ṣe é fún mi. Ẹnì kan ṣoṣo ló tíì mú tirẹ̀ wá, òun náà sì ní kí n má sọ fáwọn yòókù.