Àṣíborí tó bá orí yín mu: ohun tí mo ń bá àwọn oníbàárà mi sọ ní Ṣómólú

Kí ẹ tó san owó àṣíborí tí ẹ máa fi gun kẹ̀kẹ́, ẹ yí i padà kí ẹ wo inú rẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ń ra, kì í ṣe ike tó ń dán lóde. Fóòmù funfun ló wà níbẹ̀, ó jọ èyí tó máa ń wà nínú páálí tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ ó ki jù ú lọ. Tí orí bá sọ mọ́ òkúta, fóòmù yẹn ló máa rún, òun ló sì máa gba èyí tó pọ̀ jù nínú agbára ìkọlù náà kó tó dé ọpọlọ. Tó bá ti rún lẹ́ẹ̀kan, kì í wú padà. Iṣẹ́ rẹ̀ ti parí nìyẹn.

Ìdí tí mi ò fi ń ta àṣíborí tòkunbọ̀ rèé. Kẹ̀kẹ́ onígíà tòkunbọ̀, àwọn onítáyà gbàǹgbà tí wọ́n ń gùn lórí òkè, ni mo ń tún ṣe láràárọ̀, mo sì fẹ́ràn wọn. Bí férémù bá tẹ̀, màá rí i. Bí bíárìn bá ti jẹ, màá gbọ́ ọ. Àṣíborí ò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo ṣubú lójú ọ̀nà ilẹ̀ pupa kan lẹ́yìn Ìkòròdú, ṣe ni táyà iwájú kó sínú ihò tí àgbàrá gbẹ́, mo sì fi ẹ̀bátí sọ gbòǹgbò igi. Mo dìde, mo gun kẹ̀kẹ́ mi délé. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan péré ló wà lára ike náà. Lọ́jọ́ kejì ni ìyàwó mi ti ìka bọ inú rẹ̀, tó pè mí: fóòmù ti là láti ẹ̀gbẹ́ etí dé àárín orí. Ká ní mo nù ún, kí n gbé e síta, ẹnì kan ì bá rà á, á sì gbọ́kàn lé e.

Ní January 2009, nígbà tí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojúpópó ní dandan ni kí ọlọ́kadà máa dé àṣíborí, àwọn kan fi igbá borí. Igbá le lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun kankan nínú rẹ̀ tó lè gba ìkọlù dúró. Ẹ má sì gbé ti ọ̀kadà sórí kẹ̀kẹ́: ó wúwo, afẹ́fẹ́ ò ráyè wọ̀ ọ́, tẹ́ ẹ bá fi wa pẹ́dà gun òkè kan ṣoṣo, ẹ máa bọ́ ọ kọ́ sọ́wọ́.

Ẹ yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀. Ẹ fi yí orí po, níwọ̀n ìka kan sókè irun tó wà lókè ojú, kó kọjá níbi tí ìpàkọ́ ti yọ jù. Tèmi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 57. Iye tí àṣíborí kọ̀ọ̀kan gbà wà nínú rẹ̀. Ẹ wá CPSC tàbí EN 1078 níbẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn àmì ìlànà ààbò àṣíborí kẹ̀kẹ́ ti Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù. Ẹ̀yin obìnrin, irun tẹ́ ẹ máa dì gùn ún ni kẹ́ ẹ wọ̀n. Ẹni tó wá wọ̀n ọ́n pẹ̀lú irun gígẹ̀, tó wá dirun tán, kò ní lè dé e wọlé dáadáa. Ìborí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ò burú, àmọ́ ẹ bọ́ fẹ́ẹ̀sì káàpù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé wọ́n ń dé e sẹ́yìn bíi fìlà gọ̀bì. Ó gbọ́dọ̀ dúró gbọọrọ, kó bo iwájú orí. Ẹ yí kókó ẹ̀yìn rẹ̀ títí yóò fi di orí mú láìfún un pa. Okùn méjèèjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ pàdé nísàlẹ̀ etí, kí ti àgbọ̀n má sì gbà ju ìka kan tàbí méjì lọ. Ẹ wá yanu gbàà bí ẹni ń yán: tẹ́ ẹ bá rí i pé àṣíborí ń fa orí sílẹ̀, ó ti tó. Ẹ fi ọwọ́ tì í sẹ́yìn. Tí iwájú orí bá hàn gedegbe, ẹ tún un há.

Fún ojú ọ̀nà inú igbó, ẹ mú èyí tó sọ̀ kalẹ̀ bo ìpàkọ́ dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ máa sáré sọ̀ kalẹ̀ láàárín àpáta nílò èyí tó bo àgbọ̀n pẹ̀lú.

Ọṣẹ àti omi ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́. Mo ti rí àwọn tó fi pẹtiróòlù tàbí tínà nu sítíkà kúrò. Ó ń jẹ fóòmù. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa.

Àwọn oníbàárà mi máa ń sọ pé, “Orí mi á ṣọ́ mi.” Mo máa ń ṣe àmín, tọkàntọkàn, màá sì gbé àṣíborí lé wọn lọ́wọ́. Ọmọṣẹ́ mi ò gbọdọ̀ yọ̀ǹda kẹ̀kẹ́ fún ẹnikẹ́ni láti dán wò bí okùn àgbọ̀n ò bá tíì há, bó tilẹ̀ jẹ́ ìkòríta ló fẹ́ gùn ún dé.