Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi bá ń kọsẹ̀, ẹ má tíì tú kábúrétọ̀

Ẹ kú ojú omi o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ́ńjìnnì tó ń dún dáadáa nígbà tí ọkọ̀ dúró, àmọ́ tó ń kọsẹ̀ bí ẹ bá ti tẹná, àìtó epo ló sábà máa ń fà á. Ẹ kọ́kọ́ wo ìdérí táǹkì: ṣé ihò atẹ́gùn orí rẹ̀ ṣí? Odidi àárọ̀ kan ni mo fi tú kábúrétọ̀ (ibi tí epo àti atẹ́gùn ti ń pò pọ̀ lára ẹ́ńjìnnì) létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, ihò yìí ni mo gbàgbé láti ṣí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ṣì ń fi mí ṣẹ̀rín.

Tó bá ṣí, kí ẹnì kan máa tẹ bọ́ọ̀lù ara rọ́bà tó ń gbé epo wá láti táǹkì, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń kọsẹ̀ lọ́wọ́. Bó bá tají, ó ṣeé ṣe kí rọ́bà máa fa atẹ́gùn, tàbí kí pọ́ǹpù epo ti rẹ̀. Bí kò bá tají, àmọ́ tẹ́ ẹ fa ṣóòkù (ohun tó ń dín atẹ́gùn kù kí epo lè pọ̀ sí i) díẹ̀ tó sáré, ó jọ pé jẹ́ẹ̀tì, ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà nínú kábúrétọ̀, ló dí. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ tú epo kábúrétọ̀ sínú ike tó mọ́ gaara. Bí omi bá wà ńbẹ̀, ìsàlẹ̀ ló máa wà. Atẹ́gùn ni kẹ́ ẹ fi fẹ́ jẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe wáyà, torí wáyà á mú kí ihò rẹ̀ fẹ̀. Kí ẹlẹ́nu sìgá jìnnà síbẹ̀ o.